Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà Ìdájọ́ ilẹ̀ Benin: òfin ìdílé tí Grace d'Almeida jà fún kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa ní Kétu

Sí Mínísítà tó ń mójútó ètò Ìdájọ́ àti Òfin ní ilẹ̀ Benin, àti sí gbogbo agbẹjọ́rò tó ti jókòó sórí àga yìí rí.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka lẹ́tà yìí sí àfojúdi. Mo kọ ọ́ ní gbangba nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn tó sì kàn jù lọ ò lè kọ ọ́ fúnra wọn.

Olùkọ́ ni mí ní Kétu. Àwọn ìyá tí wọn ò rí ilé ìwé lọ nígbà èwe ni mò ń kọ́ ní kíkà àti kíkọ Yorùbá, nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti oko àti ọjà dé. Àwọn tó ń dín àkàrà wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta gàrí àti àgbàdo wà níbẹ̀, opó sì pọ̀ nínú wọn. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2004 ni ilẹ̀ Benin ti ní òfin kan tó sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ opó, ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin àti ẹ̀tọ́ ìyàwó ilé. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Nínú gbogbo àwọn ìyá tó ń jókòó síwájú mi, kò sí ọ̀kan tó tíì rí òfin náà ní èdè tó lè kà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ gbọ́ rí pé ó wà. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín nìyí, torí ọwọ́ yín ni iṣẹ́ náà wà.

1. Ẹni tó ti jókòó sórí àga yín rí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí Grace d'Almeida, torí bí mo bá ń ro ohun tí agbẹjọ́rò lè fi ipò ìjọba ṣe, àwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí.

Agbẹjọ́rò ni wọ́n. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990 ni Àpérò Gbogbogbòò wáyé ní Kùtọnu, níbi tí ìjọba Ààrẹ Mathieu Kérékou ti gbà pé ètò ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ti dópin. Lọ́dún náà ni àwọn obìnrin tó kàwé òfin kóra jọ, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Amòfin Ilẹ̀ Benin sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí AFJB. Grace d'Almeida wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, wọ́n sì ṣe olórí rẹ̀. Nígbà tó di 1995, Ààrẹ Nicéphore Soglo pè wọ́n sínú ìjọba, wọ́n sì di Mínísítà Ìdájọ́. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀. Soglo fìdí rẹmi nínú ìdìbò 1996, Kérékou padà dé ní oṣù Kẹrin, ìjọba sì yí padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí: kí Grace d'Almeida tó dé orí àga, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹjọ́ àwọn obìnrin tó ń sunkún níwájú adájọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àga sì bọ́, ohun tí àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ń jà fún kò bá a bọ́. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nínú ìjọba ni òfin ìdílé tó jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2005, ni wọ́n jáde láyé. Díẹ̀ ni wọ́n fi rí i kí wọ́n tó lọ.

Agbẹjọ́rò tó bọ́ sínú ìjọba pọ̀ nílẹ̀ wa. Robert Dossou darí ìgbìmọ̀ tó múra Àpérò 1990 sílẹ̀, wọ́n ṣe mínísítà, wọ́n sì ṣe ààrẹ Kóòtù Òfin-ìpìlẹ̀ láti 2008 sí 2013. Adrien Houngbédji ṣe olórí Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ṣe olórí àwọn mínísítà láti 1996 sí 1998. Joseph Djogbénou kúrò ní Mínísítà Ìdájọ́ ní 2018, wọ́n bọ́ sí ipò ààrẹ Kóòtù Òfin-ìpìlẹ̀. Séverin Quenum tó gba àga náà lẹ́yìn wọn, agbẹjọ́rò náà ni. Mi ò wá fi ẹnì kankan wé ẹnì kan, iṣẹ́ oníkálukú wà lójú ìtàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ń retí lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tó di mínísítà, tí mi ò ní retí lọ́wọ́ oníṣòwò tàbí ológun: ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùpẹ̀jọ́ rí, ó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé òfin tí èèyàn ò mọ̀ ò lè gbà á sílẹ̀.

2. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ lè má mọ ohun tí wọ́n ń lò kí òfin yìí tó dé. Lọ́dún 1931, àwọn Faransé tó ń ṣàkóso wa kó ohun tí wọ́n pè ní àṣà àwọn ẹ̀yà Dahomey, orúkọ tí ilẹ̀ Benin ń jẹ́ nígbà náà, jọ sínú ìwé kan, Coutumier du Dahomey. Àpilẹ̀kọ 127 nínú ìwé náà sọ pé obìnrin kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin, pé ara dúkìá ọkùnrin àti ogún rẹ̀ ni. A gba òmìnira ní 1960, síbẹ̀ àwọn adájọ́ ṣì ń ṣí ìwé yìí wò bí ẹjọ́ ìgbéyàwó tàbí ti ogún bá dé iwájú wọn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996 ni Kóòtù Òfin-ìpìlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kò ní agbára òfin.

Mo fi ara balẹ̀ sọ èyí nítorí àwọn kan wà tó ń sọ pé òfin ìdílé ló wá ba àṣà wa jẹ́. Èwo gan-an ni àṣà wa níbẹ̀? Nínú àṣà Yorùbá tí wọ́n fi tọ́ èmi, bí baálé ilé bá kú, ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bí ni ìdí-igi kan, ọmọbìnrin sì wà nínú ìdí-igi ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin ṣe wà níbẹ̀. Obìnrin ń ní oko, ó ń ní ọjà, ó ń ní gbèsè tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí owó rẹ̀ láìbéèrè. Ìlú Kétu yìí kan náà ni wọ́n ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí, tí ayé fi gbọ́, tí UNESCO fi kéde rẹ̀ ní 2001 lára àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ẹrù ni obìnrin, ìwé 1931 ni kó fi jẹ́rìí, kó má pe Kétu.

Òfin tuntun náà ò sì rọrùn láti rí gbà. Ní 2002 ni Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ dìbò fún un. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Kóòtù Òfin-ìpìlẹ̀ dá a padà, torí pé wọ́n fàyè gba ọkùnrin láti yàn bóyá òun á fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, wọn ò sì fún obìnrin nírú àyè bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpilẹ̀kọ 26 Òfin-ìpìlẹ̀ wa sọ pé ọgbọọgba ni ẹ̀tọ́ ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn aṣòfin tún un ṣe, wọ́n tún dìbò ní 2004, Ààrẹ sì fọwọ́ sí i. Òfin nọ́ńbà 2002-07 ni wọ́n ń pè é. Àpilẹ̀kọ inú rẹ̀ lé ní 1000.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo máa ń sọ ní kíláàsì. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin, kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi fọ́kọ tàbí tí wọ́n ń gbé ìyàwó fún. Pé tọkọtaya gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wọn gbà. Pé owó orí, àmì lásán ni lójú òfin, kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú. Pé bí bàbá bá kú, ìpín ọmọbìnrin àti ti ọmọkùnrin dọ́gba. Pé ìyàwó tí ọkọ fẹ́ lábẹ́ òfin ní ìdá kan nínú mẹ́rin ogún ọkọ bí ọmọ bá wà. Pé kò sí ẹni tó lè fi túláàsì ṣú opó fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ ti ṣíṣú opó, ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún na ọwọ́ sókè, ó ní, "Olùkọ́, látìgbà wo?" Mo ní láti 2004. Ó ní lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣú òun.

Ẹ̀yin Mínísítà, kí ni kí n wí fún un?

3. Ibi tó ti dùn wá jù

Òfin yìí sọ pé ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá so ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, nìkan ló ní agbára. Ìdána tí ẹbí méjèèjì ṣe níwájú gbogbo ìlú, ìbùkún ti ṣọ́ọ̀ṣì, yìgì tí àwọn àlùfáà so ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá dé mẹ́rì, obìnrin náà kì í ṣe ìyàwó lójú òfin. Ìdá kan nínú mẹ́rin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ò kàn án. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ogún bàbá wọn bí ìwé bá fi hàn pé bàbá náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ lè di àlejò nínú ilé tó bá ọkọ rẹ̀ ru bíríkì kọ́. Ẹ kọ́ ilé kan fún obìnrin kó lè sá sí, ẹ sì fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ sí mẹ́rì. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìlẹ̀kùn wà, ìta ni yóò sùn, bó ti wù kí ilé náà lágbára tó.

Ọ̀rọ̀ orogún tún wá le ju ìyẹn lọ. Láti 2004, ìyàwó kan ni òfin mọ̀ fún ọkọ kan. Ṣùgbọ́n ní abúlé wa, baálé ilé tó ní ìyàwó méjì tàbí mẹ́ta ò ṣọ̀wọ́n. Àwọn ìyàwó yòókù ńkọ́? Àwọn ló yẹ kí ẹnì kan tètè bá jókòó kó sọ fún wọn pé: ẹ rí i pé orúkọ bàbá wà nínú ìwé ìbí ọmọ yín; bí ẹ bá fi owó yín ra ilẹ̀, orúkọ yín ni kí ẹ fi sí ìwé rẹ̀, torí òfin ilẹ̀ ti 2013 sọ pé kí ìjọba rí i pé ọkùnrin àti obìnrin rí ilẹ̀ gbà ní dọ́gbadọ́gba; bí ọkọ yín bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún yín, kó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré nìyẹn. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ìjà. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún wọn.

Mo bá obìnrin kan lọ sí ilé-ẹjọ́. Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹjọ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ òun náà, torí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹbí ọkọ ti gba oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n jọ ń dá, wọ́n sì ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú yàrá. Ó di ẹ̀rí rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú kan. Fọ́tò ìdána wà níbẹ̀, òun àti ọkọ nínú aṣọ kan náà. Káàdì ìdìbò ọkọ wà níbẹ̀. Rìsíìtì páànù tó fi owó gàrí rà láti fi bo ilé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ká a sí mẹ́rin, yíńkì rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tẹ́ ọjà.

Adájọ́ fi Faransé bi í ní ọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kó wá túmọ̀. Nígbà tí adájọ́ wò ó tí kò rí ìwé mẹ́rì, ó sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ pẹ́. Mo gbọ́ Faransé, nítorí náà mo mọ ohun tó sọ. Ó ń ṣàlàyé pé ọ̀nà ṣì wà: kí obìnrin náà lọ kó ìwé ìbí àwọn ọmọ wá, kó sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn, torí ogún bàbá wọn ni oko náà. Ọ̀rọ̀ tó lè gbà á là ni. Ohun tí ẹni tó ń túmọ̀ sọ fún un ni: "Wọ́n ní ìwé rẹ ò pé. Máa lọ ná." Ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́, ó sì jáde. Lábẹ́ igi níta ni mo ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un.

Mi ò bínú sí adájọ́ náà, ó ṣe ohun tó yẹ. Mi ò bínú sí ọkùnrin ẹnu ọ̀nà náà, kì í ṣe ògbufọ̀, wọn ò kọ́ ọ níṣẹ́ náà, wọn ò sì sanwó rẹ̀ fún un. Àwọn tó yẹ kí wọ́n fi ògbufọ̀ gidi síbẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí mi ò bá bá obìnrin yẹn lọ lọ́jọ́ náà, ẹjọ́ rẹ̀ ti kú. Àwọn mélòó ló ń lọ láìní ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́?

4. Òfin-ìpìlẹ̀ ti pa á láṣẹ

Ẹ má rò pé ojúrere ni mò ń tọrọ. Àpilẹ̀kọ 40 Òfin-ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ pé ojúṣe Ìjọba ni láti tan Òfin-ìpìlẹ̀ náà ká àti àwọn ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ilẹ̀ wa ti fọwọ́ sí, kí ó fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ètò ilé ìwé àti ti mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kí ó sì máa fi èdè ilẹ̀ wa kọ́ aráàlú ní ẹ̀tọ́ wọn, pàápàá lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni mo sọ yìí. Àwọn tó kọ Òfin-ìpìlẹ̀ yẹn mọ irú ìlú tí wọ́n ń kọ ọ́ fún. Wọ́n mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ò gbọ́ Faransé, wọ́n sì ti rí sí i.

Mo wà nínú ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí àpilẹ̀kọ yẹn dárúkọ. Ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ fífọ̀, nípa àjílẹ̀, nípa bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lóògùn ibà. Ó wúlò, mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kan ṣoṣo tó sọ ti ogún tàbí ti ìgbéyàwó, kò sí níbẹ̀.

5. Èsì tí mo ti máa ń gbọ́

Nígbàkigbà tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ, èsì kan náà ni mò ń gbà. Wọ́n á ní Faransé ni èdè ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni, àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ti Faransé máa jẹ́ èyí tí kóòtù ń tẹ̀ lé bí àríyànjiyàn bá dé. Ìtumọ̀ Yorùbá ò gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn máa jẹ́ kí ẹni tí òfin kàn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Wọ́n á ní èdè pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Ó pọ̀ lóòótọ́. Ẹ ṣe é fún Fọ̀n, fún Gùn, fún Àjá, fún Bàrìbá, fún Dendi. Àwọn ìyá tó wà lọ́hùn-ún ń jẹ irú ìyà tí àwọn tiwa ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ ṣe ìdí tí ẹ ò fi ní bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan. Yorùbá tí ẹ bá ṣe, láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, láti Sákétẹ́ dé Àjàṣẹ́, títí lọ dé Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n á gbọ́ ọ.

Wọ́n á ní kò sówó. Ta ló ní kí ẹ tẹ 1000 àpilẹ̀kọ? Ìgbéyàwó, ìwé ìbí ọmọ, opó àti ogún, ìwé pẹlẹbẹ kan ni gbogbo rẹ̀, tí ó lè wọ inú àpò ọjà. Wọ́n sì tún máa ń sọ pé àwọn ẹgbẹ́ aládàáni ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹgbẹ́ ni Grace d'Almeida fi bẹ̀rẹ̀, mi ò lè fojú kéré ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè wá lónìí kí owó rẹ̀ tán lọ́la. Wọ́n á kó wa jọ sábẹ́ ìbòòrùn, wọ́n á pín omi, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ìjọba ò ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ tí Òfin-ìpìlẹ̀ gbé lé e lórí sílẹ̀ fún ẹni tó ń dúró de ìrànwọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè.

6. Ohun tí mo ń béèrè

Àkọ́kọ́, kí Ilé-iṣẹ́ yín tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí mo sọ yẹn ní Yorùbá, kí ẹ fi orúkọ ìjọba sí i kó má bàa jẹ́ pé wọ́n á ní olùkọ́ kan ló jókòó kọ ọ́. Kí ó wà ní gbogbo mẹ́rì àti ní ọ́fíìsì olórí àdúgbò gbogbo, kí ó sì wọ ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Àwa olùkọ́ á kà á fún wọn láìgba fàráǹkì kan lórí rẹ̀.

Èkejì, ògbufọ̀ tó búra, tí ìjọba ń san owó oṣù fún, ní ilé-ẹjọ́ Pọ́bẹ̀ àti ti Àjàṣẹ́ àti níbikíbi tí àwọn Yorùbá ti ń rojọ́. Kí ó mọ Faransé, kí ó mọ Yorùbá, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ òfin. Kí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ké ọ̀rọ̀ adájọ́ kúrú mọ́ opó lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, kí òṣìṣẹ́ tó ń so ìgbéyàwó jáde wá bá wa. Kí wọ́n yan ọjọ́ ọjà kan ní Kétu, àti lẹ́yìn náà ní àwọn ìlú yòókù, kí wọ́n gbé tábìlì àti ìwé ńlá wọn wá, kí tọkọtaya tó ti ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ lè ṣe ìgbéyàwó òfin lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò ní ìwé sílẹ̀. Mo mọ àwọn ọkùnrin tí wọn ò kọ̀ ọ́. Ọ̀nà mẹ́rì ló jìn, owó zẹ́mì, ọ̀kadà tó ń kó èrò, sì wà lórí rẹ̀, àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè sì ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ẹ̀kẹrin, rédíò. Ẹ jẹ́ kí àwọn amòfin tó gbọ́ Yorùbá wá sórí afẹ́fẹ́ déédéé, kí aráàlú máa pè wọ́n, kí wọ́n máa dáhùn. Ẹ sì pe àwọn olórin Ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú. Lálẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun tí Ẹ̀fẹ̀ bá kọ lórin, ọmọdé máa ń mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, baálé tó ń fìyà jẹ opó sì máa ń mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Bí ẹ bá jókòó pẹ̀lú wọn tí ẹ ṣàlàyé òfin náà fún wọn, iṣẹ́ tí wọ́n á ṣe fún yín lóru ọjọ́ kan, ìpàdé inú gbọ̀ngàn ò lè ṣe é.

Òfin náà máa pé ọdún 25 ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2029. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà bá wa báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìrántí Grace d'Almeida, mi ò bèèrè ère, mi ò bèèrè orúkọ òpópónà. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn ìwé pẹlẹbẹ náà, kí àwọn ìyá tó bá ń kà á mọ ẹni tó jà fún wọn.

Mo ń retí èsì yín, ní gbangba bí èmi náà ṣe kọ ọ́ ní gbangba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́, kí n lè fún àwọn ìyá kíláàsì mi kí wọ́n kà á fúnra wọn.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan ní Kétu